Ọjọ́ Tí A Kọrin Potogí ní Fìdítì

Òórùn àgbọn ló jí mi ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú Àjíǹde, àgbọn àti kànáfùrù, tí èéfín igi gbé wọ yàrá tí àwa ọmọ sùn sí. Ìyá Àgùdà ń se ẹ̀wà. Wọn kì í fi ata tàbí epo sí i. Wọ́n á sè é títí yóò fi rọ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á wá fi omi àgbọn àti ṣúgà rò ó. Onítẹ̀bọmi ni gbogbo agboolé wa ní Fìdítì. Àwọn àgbà á gba àwo ẹ̀wà náà, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á sì gbé e fún àwa ọmọdé. Ẹ̀wà tó ń dùn bí oyin kò yé wọn.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni Ìyá Àgùdà. Èkó ni wọ́n bí wọn sí, láàárín àwọn tí òbí wọn àgbà bọ́ lóko ẹrú ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, tí wọ́n sì padà wálé. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, kú, Ìyá Àgùdà gbé ẹ̀rọ ìránṣọ wọn, wọ́n wá sílé ọkọ. Bí wọ́n bá ń ránṣọ, wọ́n máa ń kọ orin kan ní èdè Potogí tí wọ́n ń sọ ní Bùràsíìlì, èyí tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu ìyá ìyá wọn. Wọn kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, bí wọ́n bá kọ ọ́ tán, wọ́n á fi etí ìró nu ojú.

Kíláàsì karùn-ún ni mo wà lọ́dún yẹn. Ọ̀gá ilé ìwé wa ní rédíò kan tó ń gbé ohùn ilẹ̀ òkèèrè. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ pé àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù máa ń figagbága lọ́dọọdún nínú orin kíkọ, tí wọ́n á sì máa fún ara wọn ní máàkì. Ọ̀gá wa ní a ó ṣe tiwa lópin táàmù. Kíláàsì kọ̀ọ̀kan mú bébà kékeré kan nínú fìlà, tí a kọ èdè tí wọn yóò fi kọrin sí. Kíláàsì kẹfà mú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ń yọ̀, nítorí wọ́n ti mọ orin Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀. Potogí ló bọ́ sí wa lọ́wọ́. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń ráhùn, àmọ́ mo nawọ́ sókè, mo ní ẹni tó ń kọrin Potogí wà nílé wa.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Ìyá Àgùdà fi kọ́ wa lábẹ́ igi máńgòrò. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń padà wá ṣáá nínú orin náà: "péṣì". Ọ̀gá wa gbọ́ ọ, wọ́n ní ó jọ ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe àlàáfíà. Bó ṣe di orin àdúrà nìyẹn. Wọ́n ní kí a dijú, kí a sì pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀ sí àyà.

Lọ́jọ́ ìdíje, àwọn òbí kún pápá. Ìyá Àgùdà jókòó síwájú nínú gáùn funfun. Èmi ni mo lé orin, àwọn yòókù ń gbè é. Bí a ti parí, pásítọ̀ tó wà lára àwọn adájọ́ tẹríba, ó ní, "Àmín." Ni Bàbá Ràímì bá bú sẹ́rìn-ín láàárín èrò. Bàbá yìí ti ṣe kúùkù nínú ọkọ̀ òkun dé ilẹ̀ Potogí kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì sí Ìlọrá.

"Ẹ má bínú," ni wọ́n wí. "Orin ẹni tó ń kiri ẹja ni. Ẹja ni péṣì. Ó ní ẹja òun ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú omi ni, kí àwọn ìyá tètè wá rà á kí oòrùn tó pa á."

Gbogbo pápá rẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò jọ pé ó lè fún ẹja tó ti ṣe àmín sí ní máàkì. Òdo la gbà. Ọ̀gá wa fẹ́ tù wá nínú, wọ́n ní àwọn gbọ́ lórí rédíò pé òdo làwọn Potogí fúnra wọn gbà lọ́hùn-ún. Kò tù mí nínú.

Ìyá Àgùdà ti dìde lọ bá Bàbá Ràímì. "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ tún un sọ fún mi, lọ́kọ̀ọ̀kan." Bàbá Ràímì kò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, Ìyá Àgùdà ń sọ ọ́ tẹ̀lé wọn. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Àgùdà yíjú sí mi.

"Àbẹ̀kẹ́, ìyá wa àgbà ò sọ ohun tí ojú wọn rí ní Bùràsíìlì fún wa rí. Bí a bá béèrè, wọ́n á ní kí a lọ jẹun. Ẹja ni wọ́n ń kiri."

"Orin ẹja lẹ kọ́ wa," ni mo wí, mo sì yà lọ. Mi ò bá wọn rìn lọ sílé. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mi ò fi dé ẹnu ọ̀nà wọn. Bàbá mi wò mí, wọ́n ní, "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà." Mo rò pé aṣọ ni wọ́n ń sọ lóòótọ́. Ìyá Àgùdà kò bínú sí mi. Orin náà nìkan ló yí padà: wọ́n ń kọ ọ́ kíakía, wọ́n ń ké e sókè bí ẹni tí ọjà rẹ̀ ń tà.

Mo ti dàgbà ju Ìyá Àgùdà ìgbà náà lọ báyìí. Òdo nìkan ni ọmọ ọdún mọ́kànlá tí mo jẹ́ nígbà náà rí, ó sì sunkún lé e lórí; kò rí i pé Ìyá Àgùdà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ìtàn ìyá wọn àgbà ni. Èmi náà ní ìyá àgbà: ìyá bàbá mi bá wa gbé títí mo fi di ọ̀dọ́bìnrin. Wọ́n máa ń kọ orin kan bí wọ́n bá ń bó ẹ̀gúsí. Yorùbá ni orin náà, kò sí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tí kò yé mi. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ wọn, kí ló sì dé tí wọ́n fi máa ń dákẹ́ bí bàbá mi bá wọlé? Mi ò béèrè.