Epìyà Tí Mo Fi Ìyẹ́ Àkùkọ Mú

Òórùn ìyẹ́ adìẹ tó ń jóná ló máa ń jí wa láàárọ̀ ọjọ́ ọdún. Màámi á ti ki adìẹ bọ omi gbígbóná, wọ́n á tu ú tán, wọ́n á wá máa rá ìyẹ́ wẹ́wẹ́ tó kù lórí iná igi. Àwọn ọmọ yòókù ń dúró de iwe. Èmi ń dúró de ọrùn. Kì í ṣe ẹran ọrùn o. Ìyẹ́ ọrùn àkùkọ, tó pupa bí epo, tó ń dán, ni mo ń ṣà sínú agolo mílíìkì.

Màámi ń ránṣọ. Mo máa ń já òwú dúdú wọn, màá fi we ìyẹ́ náà mọ́ ìwọ̀ kékeré títí yóò fi dà bíi kòkòrò tí omi ń gbé lọ. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo rí i pé ẹja odò ẹ̀yìn ilé wa ń fò mú kòkòrò lójú omi, ekòló sì ń bà mí lẹ́rù. Ẹ rẹ́rìn-ín tán. Omi náà ń bà mí lẹ́rù. Orí òkúta kan létí odò ni mo ti ń ju ìwọ̀ mi, màá fi ọwọ́ kejì di igi mú.

Mo wà ní ìwé karùn-ún lọ́jọ́ tí epìyà kan tó tóbi ju àtẹ́lẹsẹ̀ bàbá mi lọ gbé ìyẹ́ mi mì. Mo sáré gbé e wálé, Màámi fi apẹ̀rẹ̀ bò ó de oúnjẹ alẹ́. Òjò ńlá rọ̀ lọ́sàn-án. Nírọ̀lẹ́, Bàbá Sùfí, aládùúgbò wa tó ń dẹ ìgèrè sínú odò yẹn, dé ẹnu ọ̀nà wa. Ó ní ẹnì kan ti kó ẹja inú ìgèrè òun. Ó mú ìwọ̀ mi, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Ìyẹ́ adìẹ ni ẹja wá jẹ? Ẹja wo ló ya wèrè tó báyẹn?"

Gbogbo agbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tí wọ́n bá ti ní, "Mo ti gbọ́ tiẹ̀," ẹjọ́ parí nìyẹn, ì báà ku ìdajì ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ. Mo ń ṣàlàyé ìyẹ́, mo ń ṣàlàyé òwú, wọ́n ní àwọn ti gbọ́ tèmi. Bàbá Sùfí wá ní kò le rárá, kí èmi àti òun jọ wọ odò lọ, kí n fi ibi tí mo ti mú un han òun. Òkúta mi ti rì. Omi ti kún dé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo wo omi, mo wo ọwọ́ tó nà sí mi.

Mo ní, "Èmi ni mo jí i, sà."

Mo kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, mo tọrọ àforíjì ohun tí mi ò ṣe. Wọ́n gbé ẹja mi fún un. Wọ́n da agolo ìyẹ́ mi sínú iná, òórùn ọdún gba gbogbo ilé lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọdún. Olè Ẹja ni wọ́n ń pè mí títí mo fi kúrò níléèwé, mi ò sì pẹ́ níbẹ̀. Bàbá mi kú láì mọ̀ pé mi ò jí i. Àwọn èèyàn ní kí n fi òkú sílẹ̀. Mi ò tíì fi wọ́n sílẹ̀.

Ní báyìí, mò ń to páálí ní warehouse kan ní Foothills, nílùú òyìnbó. Nínú basement mi, irin kékeré kan ń bá mi di ìwọ̀ mú, ìyẹ́ ọrùn àkùkọ sì ń wá látinú ṣọ́ọ̀bù, nínú ọ̀rá. Fly, ìyẹn eṣinṣin, ni wọ́n ń pe ìwọ̀ tí a fi ìyẹ́ wé yìí níbí. Àwọn dókítà àtàwọn lọ́yà ń ṣe é, kò sì sẹ́ni tó ní ẹja ya wèrè. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú jù.

Sátidé tó kọjá, èmi àti Bísí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Airdrie, lọ sí Bow River. Mo wọ ṣòkòtò rọ́bà dé àyà, mo wọ life jacket lé e, nínú omi tí kò kọjá orúnkún. Pẹ́pẹ́yẹ ń wò mí. Mo mú ẹja trout kan, mo tú u sílẹ̀ bí òfin odò náà ṣe wí, mo ki páálí kékeré tí mo ń kó fly mi sí bọ àpò. Bàbá òyìnbó kan tó ń fa ajá lọ dúró, ó ní òun rí mi tí mo ki ẹja bọ àpò.

Kí n tó mọ̀, ẹnu mi ti sọ ọ́. "Sorry, sir."

Bísí gbójú sókè lórí àga rẹ̀ létí omi. "Uncle, kí lẹ ń bẹ̀ ẹ́ fún? You didn't do anything."

Orúnkún mi ti ń tẹ̀ láti kúnlẹ̀. Orúnkún ọmọ ìwé karùn-ún, lára èèyàn tó ti hu ewú. Inú bí mi sí alájá, ó bí mi sí Bàbá Sùfí, ó bí mi sí bàbá mi, ó wá bí mi sí ara mi jù gbogbo wọn lọ. Mo yọ páálí fly síta, mo tú àpò mi dé ìdí, mo ní kó dúró kó máa wò ó bí mo ṣe ń mú ẹja. Ó dúró. Mo ju ìwọ̀ títí apá fi ń ro mí. Ẹja kankan ò jẹ. Ó ní òun ti gbà mí gbọ́, pé òtútù ti ń mú ajá òun. Mo ní kò tíì gbọ́ tèmi tán, kó dúró.

Ọmọ yẹn kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ torí pé omi ń bà á lẹ́rù. Omi ṣì ń ba èmi náà lẹ́rù. Ẹ̀rù yẹn náà ló mú mi nàró lọ́jọ́ Sátidé: tí mo bá kúnlẹ̀ nínú odò yẹn, omi yóò mù mí dé ìbàdí.