Ìlérí Wákàtí Kan

Mobọ́lá Adéṣiyan, ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì, tó ń gbé ní Láwánsọ̀n ní Sùúrùlérè, kọ̀wé ní ọjọ́ Ajé tó kọjá sí ọkùnrin tó fẹ́ ra ìkànnì rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé òun kò tà á mọ́. Ẹ̀jẹ̀ Aládùúgbò ni ìkànnì náà ń jẹ́. Nínú mẹ́sàn-án tó ń bójú tó, òun ló máa ń mówó wọlé jù tẹ́lẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn, ó ti yọ gbogbo ìpolówó ọjà kúrò lórí rẹ̀.

Iṣẹ́ tó ń ṣe kò rọrùn láti ṣàlàyé fún àwọn òbí. Bàbá rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ta awọ bàtà ní Múṣin fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Nígbà tí Mobọ́lá jáde ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Yábàá tí kò ríṣẹ́, ó lọ ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀. Ó ṣàkíyèsí pé ìbéèrè kan náà ni àwọn tó ń rán bàtà ń béèrè lójoojúmọ́: awọ wo ni kì í là, èwo ni omi kì í bà jẹ́, báwo lèèyàn ṣe ń dá awọ gidi mọ̀ yàtọ̀ sí ayédèrú. Ó kọ ìdáhùn wọn sí ojú ewé ogójì, ó gbé wọn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kò ju oṣù mẹ́fà lọ tí àwọn èèyàn ní Abá àti ní Kánò ń ka ohun tí ọmọ aláwọ kọ, tí àwọn ọlọ́jà sì ń sanwó fún un kí ọjà wọn lè hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Ṣé wọ́n ń rí ẹ níbẹ̀ ni?" bàbá rẹ̀ bi í.

"Wọn ò rí mi, Bàámi. Ọ̀rọ̀ mi ni wọ́n ń rí."

"Ó dáa náà. Èmi tí mo jókòó síbí látàárọ̀, wọ́n ń rí mi kedere, wọn ò sì rajà."

Bó ṣe di iṣẹ́ nìyẹn. Mobọ́lá á mú ọ̀rọ̀ kékeré kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì dáhùn dáadáa, á kọ ọ́ kúnná, á sì wá ọ̀nà tí Google yóò fi gbé e síwájú ẹni tó bá béèrè. Ó ní ìkànnì kan lórí bátìrì tó ń gba iná oòrùn pa mọ́, òmíràn lórí sísin àparò, òmíràn lórí kíkun ilé tí ògiri rẹ̀ ń tutù.

Ọ̀nà àbùjá kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí gbogbo àwọn tó ń ṣe é mọ̀. Ìkànnì tuntun máa ń pẹ́ kí Google tó fọkàn tán an. Ṣùgbọ́n orúkọ ìkànnì kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rà títí láé. Ọdọọdún ni wọ́n ń sanwó rẹ̀. Bí ẹni tó ni ín bá kú, tàbí tó gbàgbé, orúkọ náà á bọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ nawọ́ mú un ló ni ín, pẹ̀lú gbogbo iyì tó ti kó jọ tẹ́lẹ̀.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, Mobọ́lá rí Ẹ̀jẹ̀ Aládùúgbò nínú àwọn orúkọ tó bọ́ sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́rin, ìwé ìròyìn méjì àti ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì kan ti ń darí èèyàn síbẹ̀ láti orí ìkànnì tiwọn láti ọjọ́ pípẹ́. Ó rà á. Nítorí pé ẹ̀jẹ̀ wà nínú orúkọ náà, ó kọ̀wé sórí rẹ̀ nípa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru nínú ilé: èyí tó péye, èyí tó ń purọ́, èyí tí bátìrì rẹ̀ ń tètè kú. Kí Google má bàa fura pé ìkànnì náà ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ó ṣe ohun tí gbogbo wọn máa ń ṣe. Ó wá àwọn ojú ewé àtijọ́ jáde láti ibi tí wọ́n ń tọ́jú irú wọn sí, ó sì dá márùn-ún padà sí àyè wọn bí wọ́n ṣe wà. Kò kà wọ́n tán. Ọ̀kan nínú wọn sọ pé: "Ṣé ẹ nílò ẹ̀jẹ̀ fún aláìsàn? Ẹ kọ̀wé sí wa níbí. A ó dá yín lóhùn láàárín wákàtí kan."

Ní ti àwọn lẹ́tà tó bá wọlé, ó pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà rẹ̀ pé kó máa fi àwọn tó bá dárúkọ ìpolówó han òun, kó máa da ìyókù sínú àpò kan. Pàǹtí ló sọ àpò náà.

Ní oṣù Kìíní ọdún yìí, Kelvin, tí wọ́n jọ kàwé ní Yábàá, tó ń ra ìkànnì tó sì ń tún un tà, dá iye kan tó lè san owó ilé Mobọ́lá fún ọdún mẹ́ta. Mobọ́lá gbà. Kelvin ní kó kó àpò lẹ́tà mọ́ ọn. Kí Mobọ́lá tó fi lé e lọ́wọ́, ó ṣí Pàǹtí láti pa ohun inú rẹ̀ rẹ́. Lẹ́tà mọ́kànlélọ́gọ́ta ló bá níbẹ̀, tí méjìdínlógójì nínú wọn ń wá ẹ̀jẹ̀.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Abọ́dúndé kọ mẹ́ta ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹsàn-án. Èyí àkọ́kọ́ wọlé lẹ́yìn aago mẹ́wàá àárọ̀: "Ẹ káàárọ̀ o. Ìyàwó mi Ìrètí bímọ láàárọ̀ yìí, ẹ̀jẹ̀ ò dá. O negative ni. Wọ́n ní ká wá páìntì mẹ́ta." Ní aago méjìlá: "Mo ṣì ń retí yín. Mo wà níta ọsibítù." Ní aago méjì ku díẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ mà. Ẹ jọ̀ọ́ sà." Nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ó gbà á ní ọjọ́ méjì kó tó lè pè é.

"Ta ni ń sọ̀rọ̀?"

"Mobọ́lá lorúkọ mi, sà. Láti Ẹ̀jẹ̀ Aládùúgbò."

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ dákun, ìyàwó yín..."

"A ti sin ín."

Mobọ́lá lọ bá a ní Ìtirẹ́, níbi tó ti ń tún fíríìjì ṣe. Abọ́dúndé gbé àga fún un, òun fúnra rẹ̀ jókòó lórí fíríìjì kan tí wọ́n ti tú ẹ̀yìn rẹ̀. Kò pariwo.

"Ara ògiri kẹ́mísìtì kan ní Ìdí-Àràbà ni mo ti rí àdírẹ́sì yẹn," ó ní. "Ọ̀dà rẹ̀ ti ṣá. Mo rò pé kò ní ṣiṣẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́, ó ṣí. Ó ṣí, mà! Wọ́n ní wákàtí kan. Mo ní kí n dúró. Ká ní kò ṣí ni, mi ò bá ti sáré lọ bá àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa láàárọ̀. Aago méjì ni mo tó lọ. Páìntì kan la rí kílẹ̀ tó ṣú."

"Ọmọ ńkọ́?"

"Ó wà lọ́dọ̀ ìyá mi. Ẹ̀yin lẹ kọ wákàtí kan yẹn?"

"Rárá, sà. Ẹlòmíràn ló kọ ọ́. Èmi ni mo dá a padà."

"Kí lẹ dá a padà fún?"

"Torí Google ni," Mobọ́lá dáhùn. Abọ́dúndé wò ó bí ẹni pé èdè mìíràn ló fọ̀. Ó dìde, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Mobọ́lá yọ ojú ewé yẹn kúrò. Nígbà tó sọ ọ́ fún Kelvin, Kelvin rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

"O ti yọ ọ́. Tà á fún mi jàre."

"Èyí tó wà lára ògiri ńkọ́? Wọ́n á ṣì máa wá síbẹ̀."

"Ṣé o fẹ́ lọ kun gbogbo Ìdí-Àràbà ni? Ra ọ̀dà, màá bá ẹ di àkàbà mú."

Mobọ́lá kò rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi rìn yí ká ọsibítù Ìdí-Àràbà náà. Ó rí àdírẹ́sì yẹn níbi mọ́kànlá: lára ògiri, lẹ́yìn káàdì àwọn aboyún, lára pátákó ṣọ́ọ̀ṣì. Bó bá tà á, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára èèyàn rẹ̀ yóò máa bá ọjà Kelvin pàdé níbẹ̀. Bó bá tì í pa, kò ní bá nǹkan kan. Ọ̀nà kẹta ni pé kí ẹnì kan wà níbẹ̀ tí yóò máa dáhùn, tí yóò sì ní ẹ̀jẹ̀ láti júwe. Mobọ́lá kò mọ ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì náà ló júwe ilé ẹni tó dá ìkànnì yẹn sílẹ̀ fún un, ní Yábàá. Olúdayọ̀ Ṣóẹ̀tán ni, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Ó kú ní ọdún 2024. Ìyàwó rẹ̀, Màmá Gertrude, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, ló ṣílẹ̀kùn. Mobọ́lá kúnlẹ̀, ó dárúkọ ìkànnì náà.

"Ìwọ lò ń ta ẹ̀rọ nílé ọkọ mi?"

"Èmi ni, Mà. Mo rà á ni."

"Lọ́wọ́ ta ni? Olúdayọ̀ wà ní itẹ́ òkú."

"Ó bọ́ sílẹ̀ ni, Mà. Ẹ ò san owó ọdún yẹn."

"Ṣé ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ló máa rántí owó íńtánẹ́ẹ̀tì?"

Mobọ́lá wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó sọ ọ̀rọ̀ Ìrètí fún un láìfi nǹkan kan pa mọ́, títí kan orúkọ tó sọ àpò lẹ́tà náà. Màmá wọ yàrá, ó gbé ìwé kan jáde tí wọ́n fi bébà aláwọ̀ ilẹ̀ bò. Orúkọ ọ̀ọ́dúnrún èèyàn àti méjìlá wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú irú ẹ̀jẹ̀ wọn, nọ́ńbà wọn àti ọjọ́ tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kẹ́yìn.

"Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni Olúdayọ̀ ń pè wọ́n," Màmá ní. "Kì í ṣe torí kó gba ẹ̀jẹ̀. Á béèrè ọmọ, á béèrè iṣẹ́. Ìkànnì kọ́ ló ń dáhùn àwọn èèyàn yẹn. Olúdayọ̀ ni. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá, kì í pa fóònù. Bíṣọ́ọ̀bù bá a wí títí, ó rẹ̀ ẹ́."

"Ẹ jẹ́ kí n ya àwòrán àwọn ojú ewé náà, Mà."

"O ò ní yà á. O ò sì ní gbé e lọ. Jókòó síbí, kó o máa pè wọ́n níṣojú mi."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé ní gbogbo oṣù Kejì, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, Mobọ́lá ń jókòó sí pálọ̀ Màmá, ó ń pe nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, Màmá sì ń sàmì síwájú orúkọ. Ọ̀pọ̀ nọ́ńbà ni kò lọ mọ́. Àwọn kan ti kú, àwọn kan ti kúrò nílùú. Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ló gbé fóònù.

"Mà, mo ti lé lọ́gọ́ta," ọkùnrin kan ní. "Ẹ jẹ́ kí n fi ìwọ̀nba tó kù lára mi gbádùn."

"Irọ́ ló ń pa," Màmá sọ láti orí àga rẹ̀. "Mo kọ́ ọ ní kíláàsì kẹta. Sọ fún un pé mo wà níbí."

Ọkùnrin náà gbọ́ ohùn rẹ̀. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Mà," ó ní wẹ́rẹ́. "Ẹ kọ orúkọ mi."

Òmíràn béèrè pé, "Ṣé Tíṣà ló ní kẹ́ ẹ pè mí?" Nígbà tó gbọ́ pé Tíṣà ti kú, ó gé fóònù. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òun fúnra rẹ̀ ló pè padà. Ó ní Tíṣà wá síbi ìsọmọlórúkọ àkọ́bí òun, pé òun yóò wá.

Mọ́kànlélógójì ló gbà. Mẹ́ta péré nínú wọn ló ní irú ẹ̀jẹ̀ tí Ìrètí ní.

Ọ̀rọ̀ tí wọn yóò kọ sórí ìkànnì ló wá kù. Màmá fẹ́ kí wọ́n dá ti ọkọ òun padà, pẹ̀lú wákàtí kan rẹ̀. Mobọ́lá kọ̀, ìgbà kan ṣoṣo tó kọ ọ̀rọ̀ sí Màmá lẹ́nu nìyẹn. Ó fi ohun tí òun kọ ránṣẹ́ sí Abọ́dúndé, ó ní kó bá òun wò ó. Ọjọ́ méjì kọjá kí èsì tó dé, kò sì sí ìkíni nínú rẹ̀. Abọ́dúndé kàn fi ìlà kan kún un ni. Bó ṣe wà lórí ìkànnì báyìí nìyí:

"Ẹ pè wá, ẹ má kọ̀wé. Èèyàn ni yóò gbé e. Bí a kò bá gbé e lẹ́ẹ̀mejì, ẹ má dúró dè wá, ẹ sáré lọ síbòmíràn."

Ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn ni tirẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, Kelvin fi owó lé owó, Mobọ́lá sì fún un lésì tó gbẹ̀yìn. Kelvin pè é lójú ẹsẹ̀.

"Mobọ́, orí ẹ dàrú. Kí ni wàá máa jẹ?"

"Ìkànnì àparò ń mówó wọlé díẹ̀díẹ̀. Irú ẹ̀jẹ̀ wo ni tìẹ?"

"Ẹ̀jẹ̀ ta? Èmi tí mò ń sá fún abẹ́rẹ́ ibà!"

Láti ọ̀sẹ̀ méjì báyìí, fóònù tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí ìkànnì ti dún lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Mobọ́lá gbé mẹ́ta, ó sì sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ kò tíì sí lọ́wọ́ àwọn, kí wọ́n sáré lọ síbòmíràn. Èyí tí kò gbé, inú ilé ìwẹ̀ ló wà. Nígbà tó pè padà, ẹni náà ti rí ẹ̀jẹ̀ níbòmíràn, ó ní ohun tí ìkànnì wọn sọ lòun ṣe.

Ẹ̀jẹ̀ àwọn tó gbà láti wá kò tíì wúlò fún ẹnikẹ́ni báyìí, nítorí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti yẹ ọ̀pọ̀ nínú wọn wò, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Ní Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta, ní aago mẹ́jọ àárọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ lábù tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò yóò gbé tábìlì wọn kalẹ̀ sínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì Màmá Gertrude ní Yábàá. Màmá ni yóò máa kọ orúkọ, Mobọ́lá ni yóò di fóònù mú.