Ọjọ́ Tí A Bò Mọ́lẹ̀

Èmi ni mo ṣe kàlẹ́ńdà náà, kò sẹ́ni tó bá mi dá sí i. Pobè ni mo ti ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, àfẹ́sọ́nà mi wà ní yunifásítì ní Parakou, òṣù á sì lé, òṣù á wọ̀, a ò ní fojú kanra. Mo wá ṣe é sórí fóònù kí àwa méjèèjì lè jọ máa wò ó: àwọ̀ ewé ni tirẹ̀, àwọ̀ òféfèé bí ojú ọ̀run ni tèmi. Ọjọ́ tí àwọn ẹbí rẹ̀ máa wá tọrọ mi ni a kọ́kọ́ kọ síbẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn tí olólùfẹ́ wọn wà lọ́nà jíjìn fi ń lò ó.

Ìyá mi, tó ń ta gàrí ní Sakété, kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó rí i pé ọjọ́ ìrìn-àjò ń hàn níbẹ̀, ó ní irú ọmọ wo ló ń sọ ọjọ́ tó máa rìn fún ayé. Nílé wa, ìgbà téèyàn bá dé ni wọ́n ń gbọ́ pé ó rìn. Mo fi í rẹ́rìn-ín. Àfẹ́sọ́nà mi, ọmọ Ahoyéyé, kò rẹ́rìn-ín rárá, ó ní kí n ṣe bí màmá ṣe wí. Ni mo bá ṣe ìbòjú sí i: ìrìn-àjò ò ní hàn títí onítọ̀hún yóò fi tẹ̀ ẹ́ pé òun ti dé. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ṣe é ń rí abẹ́ ìbòjú, àfẹ́sọ́nà mi sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà òjò tó kọjá, mo rí i pé ó bo ọjọ́ kan. Ó ń bọ̀ wá bá mi láìsọ. Inú mi dùn, mi ò lè pa á mọ́ra, mo sọ fún ìyá mi.

“Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́,” ni ìyá mi wí. Ẹ̀rù bà mí, mo sì bínú sí i pé ó dẹ́rù bà mí.

Lọ́jọ́ náà, òjò ń rọ̀ láti àárọ̀. Kàlẹ́ńdà ń sọ fún gbogbo ayé pé kíláàsì ni àfẹ́sọ́nà mi wà. Ọ̀sán pọ́n, kò dé. Fóònù rẹ̀ kò lọ. Mo pe ìyá mi, ó sì rán àwọn ọlọ́kadà, àwọn zémì tó máa ń dúró lẹ́bàá ìsọ̀ rẹ̀, gba ọ̀nà Pobè. Inú koríko lẹ́bàá ọ̀nà ni wọ́n ti rí i. Zémì tó gbé e láti Sakété ti yọ̀ nínú ẹrẹ̀, ẹni tó wà á ti sá lọ. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà ní ká ní ó pẹ́ sí i, ọ̀rọ̀ ìbá ti yàtọ̀.

Mo rò pé wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Ìyá àfẹ́sọ́nà mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo kúnlẹ̀ kí i, ó ń fa aṣọ ìbora bo ọmọ rẹ̀. Àfẹ́sọ́nà mi ló sọ̀rọ̀.

“Mo bo ọjọ́ yẹn. Ta lo sọ fún?”

Mo ní ìyá mi ni. Mo ní bí mi ò bá sọ, ta ni ìbá wá a lọ? Ó kọ ojú sí ògiri.

“Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ,” ni ìyá rẹ̀ wí, kò tilẹ̀ wo ojú mi. “Ẹni tó mọ ọjọ́ ló mọ ibi tí ọmọ mi ṣubú sí.”

Nígbà tí mo délé, mo ṣí kàlẹ́ńdà. Àwọ̀ ewé kò sí níbẹ̀ mọ́, ọjọ́ ìtọrọ náà kò sì sí mọ́. Òféfèé tèmi nìkan ló kù.