Kì í Ṣe Wárápá

Wọ́n máa ń sọ pé orí àwa ará Èkìtì le. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ohun tó ń dùn mí ni pé odindi ọdún méjì ni orí tèmi fi rọ̀ bí òwú, níbi tó yẹ kó ti le.

Ilé ìwòsàn kékeré kan ni mo ti ń ṣe dókítà nígbà náà, lẹ́yìn àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó wà láàárín Ìkẹjà àti Agége. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe bisikíìtì gbé ìtọ́jú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún wa. Àwọn alábàárù wọn, tó ń ru àpò ìyẹ̀fun láti inú ọkọ̀ àjàgbé wọ ilé ìkẹ́rùsí, kì í ráyè wá rí dókítà. Ẹni tó bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ fún wákàtí kan, kó tó dé, wọ́n á ti fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀. Àṣà kan wà nílẹ̀ kí n tó débẹ̀: ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ọ̀gá àwọn alábàárù á kó káàdì ìtọ́jú wọn sínú àpò ọ̀rá dúdú kan, á gbé e wá. Èmi á jókòó ti àpò náà pẹ̀lú ife tíì mi, n ó máa kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sórí káàdì kọ̀ọ̀kan: ripíìtì. Ìyẹn ni pé kí wọ́n tún fún ẹni tó ni káàdì ní oògùn tó gbà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Tramadol, oògùn ìrora tó lágbára, ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àpò á padà pẹ̀lú oògùn nínú, ó di ọjọ́ Ẹtì mìíràn. Mo rò pé àánú ni mò ń ṣe wọ́n.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, kẹ̀kẹ́ Márúwá kan sáré dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Obìnrin kan wà nínú rẹ̀, ó gbé orí ọkọ rẹ̀ lé itan. Ọkùnrin náà á tó ẹni àádọ́ta ọdún, ìyẹ̀fun kún ara aṣọ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì wà lẹ́nu rẹ̀ nítorí ó ti gé ahọ́n jẹ. Ó ṣubú lulẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń ru ẹrù láti ọjọ́ pípẹ́ sá sẹ́yìn, wọ́n ń kígbe pé wárápá ni, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ìyàwó rẹ̀, tó ń ta ọsàn lẹ́nu géètì, ló dá wọ́ ọ dé inú kẹ̀kẹ́.

"Wọ́n ti ní kó má padà wá mọ́," ó sọ fún mi. "Wọlahi, dókítà, kò sí wárápá nílé wa. Kò sí nílé tiwọn náà l'Ógbómọ̀ṣọ́. Ta ló máa wá fẹ́ àwọn ọmọ mi báyìí?"

Mo yẹ ojú ọkùnrin náà wò, mo wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, mo sì kọ̀wé kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Kí n lè mọ ohun tí n ó kọ, mo ní kí nọ́ọ̀sì mú káàdì rẹ̀ wá. Ripíìtì, ripíìtì, ripíìtì, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi ni. Mi ò sì fojú kan ọkùnrin náà rí kó tó di òwúrọ̀ yẹn. Àìsàn tí wọ́n kọ sókè káàdì kò ju "ara ríro" lọ. Ojú tì mí, inú bí mi, mi ò mọ èyí tó ṣáájú.

Nílé ìwòsàn ńlá, ó jẹ́wọ́ pé ìwọ̀n tí mo ń kọ ò tó òun mọ́, òun ń ra kún un ní Dopemu. Ó ti di bárakú. Bó bá sì ti pọ̀ jù lára, ó lè gbé èèyàn ṣánlẹ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an. Wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́.

Ọ̀gá mi, dókítà àgbà tó ni ilé ìwòsàn wa, pè mí sí yàrá rẹ̀.

"Kọ wárápá sí káàdì ọkùnrin yẹn," ó ní. "Wárápá kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Tí ilé iṣẹ́ yẹn bá gbọ́ pé oògùn wa ni, wọ́n á já wa sílẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ o."

"Ẹ má bínú sà, mi ò ní kọ ọ́."

"Àṣà tó o bá nílẹ̀ ni. Ìwọ kọ́ lo dá a sílẹ̀."

"Èmi kọ́, sà, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ló wà lórí káàdì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n já wa sílẹ̀. Ẹni tí mi ò bá rí, mi ò ní kọ tramadol fún un mọ́ láyé."

Ó ní kí n máa lọ sílé, kí n lọ ronú.

Ronú kẹ̀? Ọdún méjì ni mo ti fi ṣe aláìronú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́: oògùn yẹn kì í ṣe májèlé. Mo ṣì ń kọ ọ́ títí dòní, fún ẹni tí jẹjẹrẹ wọ eegun rẹ̀, fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún, ojú kì í sì í tì mí. Ṣùgbọ́n ojúkojú ni, ọjọ́ díẹ̀ ni, mo sì máa ń sọ ọjọ́ tí a ó dá a dúró kó tó gbé ẹyọ àkọ́kọ́ mì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń pè mí ní alágídí. Kí wọ́n máa pè mí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dá ọkùnrin náà sílẹ̀ nílé ìwòsàn ńlá, èmi àti òun àti ìyàwó rẹ̀ jọ lọ sílé iṣẹ́ náà lákòókò oúnjẹ ọ̀sán. Àwọn alábàárù jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírọ́ọ̀mù omi tí wọ́n so ife kan ṣoṣo mọ́. Bí wọ́n ṣe rí wa ni wọ́n gbójú kúrò. Ọ̀gá wọn, ẹni tó máa ń gbé àpò wá, dìde.

"Dókítà, ẹ sọ fún un kó máa lọ. Ẹ̀rù ń bà wọ́n."

"Kì í ṣe wárápá!" Mo pariwo kí ẹ̀rọ má bàa bo ohùn mi. "Oògùn ló gbé e ṣubú, èmi ni mo kọ ọ́. Mi ò rí i kí n tó kọ ọ́. Mi ò rí ìkankan nínú yín. Ẹni tó bá ń lò ó, kó má dá a dúró lójijì o. Kó wá bá mi, ká jọ máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Àpò yẹn ò gbọdọ̀ dé iwájú mi mọ́."

Ọkùnrin náà rìn lọ síbi dírọ́ọ̀mù, ó bu omi, ó ń mu ún. Ẹnìkan lórí bẹ́ǹṣì ní, "Ife yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn."

Mo gba ife lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ìtọ́wò kọ́ ni mo tọ́ ọ wò: mo mu èyí tó kù tán lójú gbogbo wọn, mo sì na ife náà sí ọ̀gá wọn. Ó pẹ́ kó tó gbà á. Ó bu omi díẹ̀, ó mu ún, ó wá ní, "Kó wá lọ́jọ́ Ajé." Ẹnìkan sún, ó fi àyè sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì.

Mo rò pé ọkùnrin náà máa dúpẹ́. Kò dúpẹ́. Kò sì jókòó.

"Ẹ ti mu omi mi, dókítà, ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì bi mí níbi tó ń dùn mí."

Nínú gbogbo ariwo mi, mi ò tíì bi í lóòótọ́. Mo ní, "Ibo ni, bàbá?"

Ó tú bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀, ó fà á kúrò léjìká òsì. Eegun ibẹ̀ ti ṣẹ́ nígbà kan, ó sì ti fúnra rẹ̀ so pọ̀ ní wíwọ́, ó ta gọngọ lábẹ́ awọ. Kò dìgbà tí mo fọwọ́ kàn án kí n tó mọ̀. Ẹni tó bá wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo á ti rí i.