Ilé Tí Bàbá Mi Fi Eérú Yà

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mi ò tíì ga ju ìkòkò omi ìyá mi lọ, eérú ni iṣẹ́ tèmi nílé wa. Àwọn ọmọ yòókù ní Ajíbọ́dẹ́, abúlé wa lẹ́bàá Ìbàdàn, ń pọnmi, wọ́n ń ṣẹ́gi, wọ́n ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sá. Èmi náà ń ṣe díẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti mọ́, agolo ni n ó kọ́kọ́ gbé, n ó máa ti ìdí àdògán kan bọ́ sí ìdí òmíràn lọ́dọ̀ àwọn ìyá tó ń yan gàrí. Bí mo bá délé, n ó fi ajọ̀ jọ eérú náà kí èédú má bàa kù nínú rẹ̀. N ó máa sín títí ojú mi yóò fi pọ́n. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ti fi igi dáná rí, ẹ mọ òórùn eérú tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ kán sí. Òórùn yẹn ni mo mọ̀ mọ́ bàbá mi.

Ayàwòrán-ilé ni wọ́n. Bíríkìlà wà lọ́dọ̀ wa lásìkò yẹn, káfíńtà náà wà, ṣùgbọ́n ẹni tó máa jókòó ya ilé sórí ìwé kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́lẹ̀, bàbá mi nìkan ni. Ọmọ àgbẹ̀ ni wọ́n. Inú ìlú Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́, wọ́n sì ṣiṣẹ́ ìjọba díẹ̀ kí wọ́n tó kó ẹrù wọn padà wálé. Wọ́n ní ìlú ń bọ̀ wá bá wa lóko, bí a kò bá sì ti ṣètò ibi tó máa gbà, orí wa ló máa gbà kọjá. Àwọn ará àdúgbò fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ta ló ń fi ìwé kọ́lé, ṣé ìwé ló máa gba òjò dúró ni?

Nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn tó ń kọ́lé nígbà náà kò lè ka pùláànù, bàbá mi dá ọgbọ́n kan. Bí wọ́n bá ti ya ilé sórí ìwé tán, wọ́n á mú okùn àti eérú mi, wọ́n á tún un yà sórí ilẹ̀ tí ilé náà máa wà gan-an, bó ṣe máa tóbi tó. Yàrá, ilé ìdáná, àgbàlá, ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n á fi eérú là sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ní kí onílé kó ìdílé rẹ̀ wá gbé inú ẹ̀ fún odidi ọjọ́ kan. Ìyàwó ilé á dáná sí ilé ìdáná tí kò lórùlé, bàálé á tẹ́ ẹní sí yàrá tí kò ní ògiri, wọ́n á kírun níbẹ̀. Ibi tí kò bá ti rọ ẹnikẹ́ni lọ́rùn, bàbá mi á fi ẹsẹ̀ pa eérú ibẹ̀ rẹ́, wọ́n á tún un yà.

Ti Àlùhájì kan tó ń ta plánkì ni mi ò lè gbàgbé. Ìyá wọn arúgbó jókòó sí yàrá tiwọn láti àárọ̀, wọ́n ń fi epo jẹ iṣu sísun. Nígbà tó di ọ̀sán, ìyá mú ọ̀pá, wọ́n forí lé ṣáláńgá tí bàbá mi yà sí ẹ̀yìn pátápátá. Wọ́n rìn dé àárín méjì, wọ́n dúró, wọ́n wá sọ fún bàbá mi pé kó má wulẹ̀ yọ ara ẹ̀ lẹ́nu mọ́, àwọn ti tọ̀ sára. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ìyá náà rín. Bàbá mi nìkan ni kò rín. Wọ́n bá ìyá rìn padà sí yàrá, wọ́n ń ka ìṣísẹ̀ arúgbó náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì gbé ṣáláńgá sún mọ́tòsí lọ́jọ́ náà.

Inú ilé eérú ni àwa ọmọdé ti ń ṣeré jù. A máa ń ṣe bojúbojú níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò síbi téèyàn lè sá pamọ́ sí, torí gbogbo ilé ló hàn síta. Òfin kan ṣoṣo ló wà: o kò gbọdọ̀ la ògiri kọjá. Ẹnu ọ̀nà ni kí o gbà, ìbáà jẹ́ ejò ló ń lé ọ. Bí o bá fẹsẹ̀ gé eérú, bàbá mi á pè ọ́ padà, wọ́n á bi ọ́ pé, “Ilẹ̀kùn dà?” Wọn ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wàá nawọ́ sí ibi tí ilẹ̀kùn wà, wàá wá kúnlẹ̀ sínú yàrá tí o ba ògiri rẹ̀ jẹ́, wàá gbé ọwọ́ sókè.

Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan tí òjò dé. Oníkálukú sá, kò sẹ́ni tó rántí mi. Òjò fọ yàrá náà lọ mọ́ mi lára, kò sí ògiri mọ́, kò sí ilẹ̀kùn, èmi nìkan ló kù nínú ẹrẹ̀ tí mò ń gbọ̀n, mi ò sì mọ̀ bóyá mo ti bọ́ nínú ìyà tàbí mi ò tíì bọ́. Bàbá mi ló sáré padà wá gbé mi. Pùláànù tó wà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n fi bò mí lórí títí a fi délé. Ìwé náà bàjẹ́ pátápátá. Ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi jókòó tún un yà.

Nígbà tó kan ilé tiwa, ọjọ́ mẹ́ta la fi gbé inú eérú. Bàbá mi ya ilẹ̀kùn kan tó ti yàrá wọn bọ́ sínú àgbàlá tààrà, níbi tí igi ọsàn wà. Ìyá mi bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ilẹ̀kùn yẹn ṣe. Wọ́n ní ojú bàbá tó bí àwọn fọ́ kó tó kú, ó sì ṣeé ṣe kó kan àwọn náà. Wọ́n ní ìṣísẹ̀ méje ni láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà, mẹ́rin láti ibẹ̀ dé ìdí ọsàn, pé bí ojú bá lọ, ẹsẹ̀ á mọ̀nà.

Ìlú wá dé lóòótọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń wá yàrá, ọ̀kadà gbòde, gbogbo onílẹ̀ ń fẹ́ yàrá tó kọjú síra wọn láìsí àgbàlá. Wọ́n ní Bàbá Eléérú ń fi ilẹ̀ ṣòfò. Ẹni tó gbé iṣẹ́ ìkẹyìn fún bàbá mi kò mú ẹnikẹ́ni wá gbé inú eérú náà. Òun nìkan ló gun ọ̀kadà dé, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó sì gun ọ̀kadà rẹ̀ la gbogbo ògiri náà já lọ. Bàbá mi ká okùn wọn. Láti ọjọ́ náà, wọn ò ní kí n wá eérú mọ́.

Ojú wọn ń ṣú díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ìyá mi kú, ojú náà ti lọ tán, wọ́n kàn ń ka ìṣísẹ̀ méje àti mẹ́rin wọn láràárọ̀ lọ sídìí ọsàn. Mo mú wọn wá sílé mi ní Mọ́níyà fún oṣù mẹ́ta kí n lè máa tọ́jú wọn. Ìgbà náà ni Ràímì, àbúrò mi, ní kí a kọ́ yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sínú àgbàlá, pé ilẹ̀ náà kàn wà lásán. Èmi ni àkọ́bí, èmi ni mo fọwọ́ sí i. A gé igi ọsàn. A fi búlọ́ọ̀kù dí ilẹ̀kùn bàbá wa, a ṣí òmíràn fún wọn sí ọ̀nà iwájú. Mo ní n ó sọ fún wọn kí wọ́n tó padà. Ojoojúmọ́ ni mò ń sún un síwájú, ẹ̀rù ń bà mí.

Alẹ́ ni mo fà wọ́n lọ́wọ́ wọlé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n padà délé, mo gbé ẹ̀kọ àti àkàrà wọ yàrá wọn láti wá sọ ọ́. Wọ́n ti dìde. Wọ́n ń ka ìṣísẹ̀ wọn jẹ́jẹ́, bó ṣe pé méje, orí wọn gbá ògiri. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ wá ògiri náà láti ọ̀tún dé òsì, wọ́n gbóòórùn sìmẹ́ǹtì tuntun, wọ́n wá yíjú síbi tí mo dúró sí.

“Ilẹ̀kùn dà?”

Mo kúnlẹ̀. Mo nawọ́ sí ọ̀nà iwájú bí mo ṣe máa ń ṣe lọ́mọdé, mo gbàgbé pé wọn ò lè rí ọwọ́ mi.

Wọn ò tún bi mí mọ́. Wọn ò tún dá jáde mọ́ nínú yàrá náà, bí a kò bá ti fà wọ́n lọ́wọ́. Òjò ọdún tó tẹ̀ lé e kò bá wọn láyé.

Ní Ajíbọ́dẹ́ òde òní, kò síbi téèyàn lè da eérú sí kó fi ya yàrá kan ṣoṣo. Eérú gan-an ṣọ̀wọ́n, gáàsì ni gbogbo ilé fi ń dáná. Orí àtẹ̀gùn ni àwọn ọmọ ti ń ṣeré, kò sì sẹ́ni tó ń bi wọ́n ní ibi tí wọ́n gbà wọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé lẹ́yìn ògiri yẹn mọ̀wà hù, ó máa ń kí mi dáadáa. Bí mo bá lọ wo ilé, mo máa ń ti orí bẹ́ẹ̀dì bàbá mi rìn lọ. Ìṣísẹ̀ tiwọn méje ni, tèmi ń lọ sí mẹ́jọ. N ó dúró níwájú ògiri náà bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bi ní ìbéèrè, n ó sì wá bá ọ̀nà iwájú jáde.