Fọ́tò Bàbá Mi Nínú Yàrá Kọ̀ǹpútà Àtijọ́

Ó ti lé ní ọdún kan tí bàbá mi ti kú nígbà tí yunifásítì kó àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ jọ sínú yàrá kan kí àwọn èèyàn lè máa wá wò wọ́n. Ìyá mi gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé fọ́tò bàbá wà níbẹ̀, wọ́n sì ní kí n lọ rí i dájú pé orúkọ bàbá wà lábẹ́ rẹ̀. Mo wọ ọkọ̀ méjì láti Akanran. Inú mi ò dùn, kò sì bàjẹ́. Láti ọjọ́ ìsìnkú ni gbogbo nǹkan ti rí bákan náà lójú mi.

Ẹ̀rọ tí bàbá mi fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tóbi tó kọ́bọ́ọ̀dù mẹ́ta tí wọ́n tò pọ̀. Nínú gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni àwọn páálí pẹlẹbẹ wà, irú èyí tí bàbá mi fi ọ̀pọ̀ ọdún lu ihò sí, nítorí ihò yẹn ni ẹ̀rọ ń kà. Yàrá iṣẹ́ wọn máa ń tutù nini kí ẹ̀rọ má baà gbóná. Súwẹ́tà ni bàbá máa ń wọ̀ bọ̀ wálé nínú ooru ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn aládùúgbò a sì máa bi wọ́n bóyá ibà ò tíì lọ ni.

Fọ́tò wà lára ògiri lóòótọ́. Bàbá mi dúró ti ẹ̀rọ náà, wọn ò rẹ́rìn-ín. Orúkọ ẹ̀rọ wà lábẹ́ rẹ̀, orúkọ ìlú òyìnbó tí wọ́n ti kó o wá náà wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ “òṣìṣẹ́ kan”.

Ọ̀gá tó ń tọ́jú yàrá náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó fún mi ní àga. Nígbà tí mo sọ pé bàbá mi nìyẹn, ó ní ìdílé mẹ́ta ló ti wá sọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú mi. Mo ní sínú pé ọjọ́ a kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ó ní kí n mú ìwé ìgbanisíṣẹ́ tàbí káàdì ìdánimọ̀ wá.

Mo mọ ibi tí méjèèjì wà. Nígbà tí a wọ sùtánà fún bàbá tán, bí ìjọ wa ti máa ń ṣe fún òkú, ìyá mi fi ìwé méjèèjì sínú àpò sùtánà náà. Wọ́n ní ẹni tó ń lọ síbi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n, kó mú ìwé dání. Èmi gan-an ni mo tún bá wọn kì wọ́n wọlé dáadáa kí a tó dé pósí.

Mo sọ fún ọ̀gá náà pé àwọn ìwé náà ti sọnù. Ó ní ó dun òun. Ó yẹ kó dun èmi náà, ṣùgbọ́n eruku orí gíláàsì ni mo ń wò.

Nígbà tí mo fi máa délé, ìyá mi ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà dè mí. Wọ́n bi mí bóyá orúkọ bàbá wà níbẹ̀. Mo ní ó wà níbẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, torí wọn ò mọ̀wé.

Wọ́n ní ká jọ lọ lọ́jọ́ Ajé, kí àwọn fojú ara àwọn rí i.

“Ẹ ò ní lè kà á, Màámi.”

“Mo mọ bí orúkọ náà ṣe rí. Wọ́n kọ ọ́ sí àyà kóòtù tí bàbá rẹ fi ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo fọ̀ ọ́ títí ó fi gbó.”

Ẹ̀rù bà mí. Ó ti pẹ́ tí nǹkan kan ti bà mí lẹ́rù.