Ọmọrogùn Tí Kì Í Wẹ̀

Mo rántí òórùn ilé ìdáná ìyá ọkọ mi n'Ísarà, ọdún tí mo kọ́kọ́ pọn ọtí Kérésì: àgbàdo tó hù, atalẹ̀, kànáfùrù. Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà, ọmọ Ijoku ní Ṣàgámù, mo sì gbà pé kò sóhun tí mi ò mọ̀ nípa ìkòkò. Ìyá ọkọ mi ló máa ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí gbogbo ilé fi ń ṣọdún, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, wọ́n ní kí èmi pọn ọ́n. Inú mi dùn ṣìnkìn. Àfìgbà tí ọkọ mi sọ fún mi pé ẹ̀gbọ́n òun tó ń gbé l'Ékòó ti ń ráhùn pé ọ̀nà jìn, pé ọtí yìí nìkan ló ṣì ń mú un kó àwọn ọmọ ẹ̀ wálé. Màmá sì rèé, tí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, ojú ọ̀nà ni wọ́n máa ń wò. Kí n wá jẹ́ ẹni tí yóò ba ọdún wọn jẹ́? Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń rẹ àgbàdo, bí a ṣe ń fi ewé bò ó kó lè hù, bí a ṣe ń lọ̀ ọ́, tí a ń sè é, tí a ń sẹ́ ẹ. Mo bi wọ́n pé ìwúkàrà wo ni wọ́n ń lò. Wọ́n ní, "Ọtí máa ń wú fúnra ẹ̀."

Mo pọn ọ́n. Ọmọrogùn tuntun tí ìyá mi rà mọ́ ẹrù ìyàwó fún mi ni mo fi rò ó, torí èyí tó wà lára ògiri níbẹ̀ dúdú bí èédú, ó ń rùn, mi ò fẹ́ fọwọ́ kàn án. Ilẹ̀ mọ́, ọtí ò wú.

Ni mo bá ń wá ìwúkàrà kiri. Oníbúrẹ́dì fún mi ní yíìsì. Adẹ́mu fún mi ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ akèrègbè ẹmu rẹ̀. Aládùúgbò kan ní kí n bu omi ògì kíkan sí i. Mo bu díẹ̀díẹ̀ nínú ọtí náà sínú ìkòkò kéékèèké, mo dán gbogbo ẹ̀ wò bí ọ̀jọ̀gbọ́n. Ti yíìsì wú débi pé ó ti ọmọrí ṣubú, àmọ́ ọkọ mi tọ́ ọ wò, ó ní ó dà bíi búrẹ́dì tó bọ́ sódò. Ti ẹmu ń ta lẹ́nu bí ata. Ti omi ògì, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Mo jókòó sáàárín wọn, mo bú sẹ́kún.

Ibẹ̀ ni ìyá ọkọ mi bá mi. Wọ́n tọ́ wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n tu ti omi ògì dànù, wọ́n wá béèrè ohun tí mo fi rò ó. Mo mú ọmọrogùn tuntun mi, mo nù ún dáadáa kí n tó fi hàn wọ́n. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n fi ọwọ́ òsì mú èyí dúdú wálẹ̀, wọ́n tì í bọ ìkòkò ńlá, wọ́n ní kí n máa rò ó.

"Láti ìgbà ìyá ọkọ tèmi, èyí kì í wẹ̀. Ara ẹ̀ ni ìwúkàrà wà. Bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà."

Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, ìkòkò ti ń yọ ìfófòó. Lọ́jọ́ Kérésì, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi mu ife àkọ́kọ́ tán, ó tún na ife náà sí ìyá rẹ̀, ó ní, "Tọdún tó ń bọ̀ ńkọ́, Màámi?"

Wọ́n fẹnu júwe mi. "Ìyàwó wa ni kó o bi."

Màmá ti sinmi báyìí, ọmọrogùn náà sì wà lọ́wọ́ mi. Ìyàwó ọmọ mi ti dé láti bá wa ṣọdún. Ọmọ dáadáa ni, àmọ́ ó fẹ́ràn ìmọ́tótó jù. Kò sí ìkòkò tí kò tíì fọ̀ nílé yìí. Mo tètè gbé ọmọrogùn pa mọ́ sí yàrá mi. Èmi náà ti ní kó pọn ọtí ọdún yìí. Lánàá ló gbé fóònù wá bá mi, ó ní nínú gbogbo yíìsì tó wà níbẹ̀, èwo ló dára jù.

Kí n tó mọ̀, mo ti dá a lóhùn: "Ọtí máa ń wú fúnra ẹ̀." Mo yára yíjú kó má baà rí ẹ̀rín mi. Àṣé bí Màmá ṣe yíjú kúrò lọ́dọ̀ mi náà nìyẹn! Kó lọ ra yíìsì ẹ̀ ná. Bó bá sunkún díẹ̀, màá gbé ọmọrogùn jáde.